Ajá Tó Darúgbó Sẹ́nu Iṣẹ́: Ǹjẹ́ Ó Ní Ẹ̀tọ́ Lọ́rùn Wa?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.



A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rí àkọlé yìí. Wọn yóò ní: ajá kẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀ fún Àfáà ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lára ajá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara ajá ló parí sí.

Ní oṣù Ṣáábánì ọdún 1443, èyí tí ó bọ́ sí oṣù kẹta ọdún 2022, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń wá sí ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àìkú wa ní Ajégúnlẹ̀ dúró dè wá lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Mẹ́gáàdì ni, ní ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí wáàfù Àpápá. Alaalẹ́ ló máa ń gba Báúńdàrì kọjá lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ajá kan wà ní géètì àwọn, Bíngò ni wọ́n ń pè é, ó ti tó ọmọ ọdún 11, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gba òun síṣẹ́. Ó ti tó oṣù kan tí ihò imú ajá náà kan ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ń sín léraléra, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan sì ti ń wú. Ọ̀gá wọn wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní jẹjẹrẹ ni, ajá ti gbó, kí wọ́n pe ọkùnrin tó máa ń ra ajá fún àwọn tó ń se ẹran tí wọ́n ń pè ní 404.

Ọmọ náà wá bi wá pé: "Àfáà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni tí mo bá ná owó lórí ajá? Àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni tí n kò bá ná an?"

Ìdáhùn tí a fún un kò dára. A ń kánjú lọ. A ní: "Ajá ni, fi sílẹ̀ jàre. Múra sí ààwẹ̀ tó ń bọ̀." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àfáà," ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹ̀kọ́ tó kàn fún àwọn ọmọ kéékèèké ni hádíìsì ọkùnrin tó rí ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tó ń lá ilẹ̀ tútù. Ọkùnrin náà padà sínú kànga, ó fi bàtà rẹ̀ bu omi, ó fi ẹnu gbé e gòkè, ó sì fún ajá náà mu, Ọlọ́hun sì ṣe àforíjìn fún un. Ó ti tó ọdún 10 tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní hádíìsì yìí. Lọ́jọ́ náà, ẹnu wa wúwo. A rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tó kúnlẹ̀ níwájú wa. A jẹ̀bi. Nítorí náà ni a ṣe padà sí orí ìwé, tí a sì ń kọ ohun tí a rí níbẹ̀ sí yín.

ṢÉ NÍTORÍ PÉ AJÁ JẸ́ NÁJÍSÌ NI?

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé síwájú ni pé ajá jẹ́ nájísì, àti pé àwọn màlíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà. Hádíìsì wà lórí èyí lóòótọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Mùsùlùmí kì í sin ajá fún fàájì lásán, kí ó máa bá a sùn lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n Ànábì yọ ajá ọdẹ, ajá olùṣọ́ ẹran ọ̀sìn àti ajá olùṣọ́ oko sílẹ̀ nínú èèwọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì fi ajá tó ń ṣọ́ ilé àti dúkìá wé wọn. Bíngò tó ń ṣọ́ géètì kọ́ńpìnnì wà lábẹ́ ìyọ̀ǹda yìí.

Ní ti nájísì, àwọn onímọ̀ yapa ẹnu lé e lórí. Ní ojú ọ̀nà Imam Shafi'i, nájísì ni ajá látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n Imam Malik, ẹni tí a ń tẹ̀lé ojú ọ̀nà rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ẹ sì ti ka ìwé Risala àti Akhdari ní ilé-kéú lórí rẹ̀, gbà pé ajá tó wà láàyè mọ́. Ó ní fífọ igbá tí ajá bá ki ẹnu bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀meje jẹ́ ìjọsìn tí a ń ṣe nítorí pé a pa á láṣẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nímú rẹ̀ la máa fọ̀ bí ó bá kàn wá lára, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ yòówù. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí bá gbé ajá tó ń ṣàìsàn sínú ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kò ba ẹ̀sìn rẹ̀ jẹ́, kò sì ba àlùwàlá rẹ̀ jẹ́.

Kí á tilẹ̀ gbà pé nájísì ni, ìyẹn kò fọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù. Ajá tí ọkùnrin yẹn fún lómi, ajá náà ni. Àlàyé mìíràn tún wà nípa obìnrin oníṣekúṣe kan nínú àwọn ọmọ Ísíráílà, tí ó fún ajá lómi, tí Ọlọ́hun sì dárí jì í. Obìnrin mìíràn ẹ̀wẹ̀ wọ iná nítorí ológbò tí ó so mọ́lẹ̀ tí kò fún ní oúnjẹ. Ìdájọ́ lórí ìmọ́tótó ara ẹran jẹ́ ọ̀tọ̀, ìdájọ́ lórí àánú sí ẹran jẹ́ ọ̀tọ̀. Àwa ni a pa méjèèjì pọ̀, nítorí pé ó rọ̀ wá lọ́rùn.

Ẹ̀TỌ́ ẸRAN TÍ KÒ LÈ ṢIṢẸ́ MỌ́

Onímọ̀ ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní 'Izz ud-Deen ibn Abd is-Salam. Ó kú ní ọdún 660 lẹ́yìn Híjírà, èyí tí í ṣe ọdún 1262. Nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìpìlẹ̀ òfin, ó to ẹ̀tọ́ tí ẹranko ní lọ́rùn ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní kí olówó rẹ̀ máa náwó oúnjẹ àti ìtọ́jú lé e lórí, bí ó tilẹ̀ ti darúgbó tàbí tí àìsàn ti mú un débi pé kò sí àǹfààní kankan lára rẹ̀ mọ́. Ó ní kí a má di ẹrù tí agbára rẹ̀ kò ká rù ú. Ó ní kí a má so ó pọ̀ mọ́ ohun tí yóò ṣe é léṣe.

Ẹ wo ohun tí onímọ̀ yìí rí. Ó mọ̀ pé nígbà tí ẹran bá ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tí kò ní í bọ́ ọ. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá tán lára rẹ̀ ni ìdánwò dé bá olówó rẹ̀. Bí a bá bọ́ ọ kìkì nítorí iṣẹ́ rẹ̀, òwò lásán ni a ń ṣe. Àwọn baba wa náà sọ ọ́ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ẹ sì rántí ràkúnmí tó sunkún nígbà tó rí Ànábì nínú ọgbà ọkùnrin ará Mẹdínà kan. Ànábì fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn etí títí tó fi dákẹ́, ó sì bi ọlọ́gbà náà bóyá kò bẹ̀rù Ọlọ́hun ni lórí ẹran tí Ó fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, torí ràkúnmí náà ti fẹjọ́ sùn pé ebi ń pa òun, iṣẹ́ sì ń pa òun.

Ọdún 11 ni Bíngò fi gbó ní òru Àpápá kí ẹlòmíràn lè sùn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò lè parí ní ọjọ́ tí imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ WÁDÌÍ KÍ Ẹ TÓ DÁJỌ́

Ọ̀gá wọn ní jẹjẹrẹ ni. Ta ló sọ fún un? Ojú ló fi wò ó. Nínú Sùúrà Al-Hujurat, ẹsẹ 6, Ọlọ́hun pàṣẹ fún wa pé kí á wádìí ìròyìn tí a bá gbọ́, kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn kan ní ibi, kí á wá máa kábàámọ̀ lẹ́yìn náà. Lórí ìròyìn tí òpùrọ́ mú wá ni ẹsẹ náà sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ gbòòrò: ẹni tó bá fẹ́ dájọ́ lórí ẹ̀mí, ó di dandan fún un kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe.

A tẹ̀lé ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn ẹran kan ní Èkó, a sì kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Dókítà ní ohun tó lè mú imú ajá ṣẹ̀jẹ̀ pọ̀. Àrùn tí eégbọn ń kó wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè fà á, torí ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má lè dì mọ́. Eyín tó jẹrà láti gbòǹgbò lè fà á. Ohun tó há sí imú lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni kókó inú imú. Nínú ajá tó ti dàgbà, ẹ̀rù kókó ni dókítà máa ń kọ́kọ́ bà, nítorí èyí tó máa ń hù nínú imú arúgbó ajá sábà máa ń burú, ìtọ́jú rẹ̀ sì ṣòro. Ṣùgbọ́n dókítà kò fi ìbẹ̀rù dájọ́. Ó la ẹnu ajá náà, ó wo eyín àti èrìgì rẹ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ó ya fọ́tò orí rẹ̀ ní ẹ́síréè. Lẹ́yìn náà ni ó mú ìwọ̀nba díẹ̀ lára kókó náà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí gíláàsì, ó fi aró sí i, ó sì gbé e sábẹ́ maikirosíkópù.

Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Irú tí dókítà rí yìí, TVT ni wọ́n ń pè é. Àwọn jẹjẹrẹ tí a mọ̀ kì í ràn. Ara ẹni tí wọ́n bá ti hù ni wọ́n ń bá kú. Èyí ń ràn láti ara ajá kan sí òmíràn: ẹran ara kókó náà gan-an ló ń bọ́ sára èkejì nígbà tí wọ́n bá ń gun ara wọn, tàbí tí wọ́n bá ń lá ara wọn, tí wọ́n ń gbóòórùn ìdí ara wọn. Ní ọdún 1876, dókítà ẹran kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Novinsky, mú lára irú kókó yìí, ó fi sára ajá mìíràn, ó sì hù. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ńsì gbé èsì jáde lórí kókó 546 tí wọ́n gbà lára ajá káàkiri ayé. Wọ́n ní ara ajá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, ajá tó gbé ayé ní ilẹ̀ Éṣíà ní nǹkan bí ọdún 4,000 sí 8,500 sẹ́yìn. Ajá náà ti kú, àìsàn rẹ̀ ṣì ń rìn kiri títí dé Àpápá. Ògo ni fún Ọba tó ń ṣẹ̀dá ohun tí a kò mọ̀!

Ní Nàìjíríà, ojú abẹ́ ajá tó ń rìn kiri ìgboro ni a ti sábà máa ń rí i. Kí ó wà nínú imú nìkan ṣọ̀wọ́n ju ìyẹn lọ. Kì í ran ènìyàn. Èyí tó ya gbogbo wa lẹ́nu ni pé nínú gbogbo jẹjẹrẹ ajá, òun wà lára àwọn tó rọrùn jù lọ láti wò. Abẹ́rẹ́ oògùn kan ni, vincristine, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gún un sí, pẹ̀lú ìṣọ́ra gidigidi, nítorí bí ó bá jò síta iṣan, yóò ba ẹran ara ibẹ̀ jẹ́. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá náà wò kí wọ́n tó gún òmíràn. Ẹni tó bá sì ń palẹ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ní àkókò ìtọ́jú gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á rò ó. Bí ọmọ náà bá ti tẹ̀lé ìmọ̀ràn wa, ajá tó ní àìsàn tó ṣeé wò ni à bá ti dájọ́ ikú fún, lórí àbá lásán. Ṣé ajá nìkan ni a ń ṣe èyí sí? Mélòó nínú àwọn arúgbó ilé wa ni a ń sọ pé "ọjọ́ orí ni," tí a kò gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà?

OWÓ ŃKỌ́?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, a kò sì ní í sá fún un. Àwọn ọmọ wà ní Ajégúnlẹ̀ tí ibà ń ṣe, tí òbí wọn kò rí owó oògùn. Ṣé ó tọ́ kí á máa gún ajá lábẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ?

Ìdáhùn wa pín sí mẹ́ta. Èkínní, ọrùn olówó ajá ni gbèsè wà. Sàráà sí tálákà jẹ́ ọ̀tọ̀, bíbọ́ ohun tó wà ní ìkáwọ́ ẹni jẹ́ ọ̀tọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún kọ́ńpìnnì pé kí ó má san owó oṣù mẹ́gáàdì rẹ̀ títí ìṣẹ́ yóò fi tán ní Ajégúnlẹ̀. Ẹni tó jẹ èrè iṣẹ́ ajá náà fún ọdún 11 ló ni ìtọ́jú rẹ̀ lọ́rùn. Owó tí kò bá ná sórí ajá náà, ṣé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yẹn ni yóò gbé e lọ? Àwa kò tíì rí i kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Èkejì, mẹ́gáàdì kọ́ ni olówó ajá. Ọlọ́hun kì í di ẹrù tó ju agbára ẹ̀mí kan lọ lé e. Kò jẹ́ dandan fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí ó fi owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ra oògùn ajá. Bí oúnjẹ ọmọ àti oògùn ajá bá pàdé nínú àpò kan ṣoṣo, ọmọ ló kọ́kọ́. Ohun tó jẹ́ dandan fún un ni kí ó sọ̀rọ̀, nítorí ajá kò lè sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí òun àti àwa fi lọ bá ọ̀gá wọn.

Ẹ̀kẹta, oògùn náà fúnra rẹ̀ ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Inú òdòdó kan tó ti ilẹ̀ Madagásíkà wá ni wọ́n ti ń yọ ọ́, irú òdòdó kékeré aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú àti funfun tí a máa ń rí ní àgbàlá ilé ní Èkó. Oògùn kan náà ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ọlọ́hun tó fi ìwòsàn sínú òdòdó náà kò kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ènìyàn nìkan ni kí ó wò.

Ọ̀gá náà kì í ṣe Mùsùlùmí. Nígbà tí a sọ tẹnu wa tán, ó wò wá títí, ó ní: "Àfáà, n kò mọ̀ pé ẹ̀yin Mùsùlùmí máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ajá." Ojú tì wá. Bí a ti ń hùwà sí ajá ní àdúgbò ni àwọn ènìyàn fi rò pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sìn wa rí. Ó gbà kí kọ́ńpìnnì san owó oògùn. Àwọn awakọ̀ tírélà tó máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì náà sì dá owó ọkọ̀.

NÍGBÀ TÍ KÒ BÁ SÍ ÌWÒSÀN

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń yọrí sí bẹ́ẹ̀. Arábìnrin wa kan tó ń ránṣọ ní Ajégúnlẹ̀ ní abo ajá tó tó ọmọ ọdún 12. Kókó hù sí i lọ́mú, wọ́n sì wò ó níran fún ọdún méjì. Bí kókó bá hù lọ́mú ajá, àwọn kan kò le, àwọn kan le. Bí a bá tètè rí i, dókítà lè gé e kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé èyí dé, ẹ́síréè fi hàn pé ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ yóò kàn dá kún ìrora rẹ̀ ni.

Kí ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà náà? Oògùn ìrora, kí á máa fọ egbò rẹ̀, omi, oúnjẹ rírọ̀, àti ibòji. Fífa ẹ̀mí ajá gùn nínú ìrora kí ọkàn tiwa lè balẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àánú sí ajá. Bí ìrora bá ti wá kọjá ohun tí oògùn ká, ṣé a lè ní kí dókítà fi abẹ́rẹ́ pa á láìsí ìrora? Àwọn onímọ̀ yapa ẹnu. Àwọn kan kọ̀ ọ́, wọ́n ní ẹran tí a kì í jẹ, a kò lè gba ẹ̀mí rẹ̀ nítorí àìsàn. Àwọn mìíràn gbà á láàyè, wọ́n dúró lórí hádíìsì tó pa á láṣẹ pé kí á ṣe dáadáa nínú ohun gbogbo, títí kan pípa ẹran, kí á pọ́n ọ̀bẹ kí ẹran lè sinmi. Ọkàn tiwa tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó gbà á, nígbà tí ìrora bá pọ̀ tí ìrètí sì tán, láti ọwọ́ dókítà nìkan. Ọlọ́hun l'Ó mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n èyí tí kò sí ìyapa ẹnu nínú rẹ̀ ni pé májèlé, igi, àti àpò tí a dì lẹ́nu tí a jù sínú kánáàlì kì í ṣe ìwà Mùsùlùmí.

Ní ti títà á fún àwọn ẹlẹ́ran, àìdára rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó jẹ́ dídalẹ̀ ẹni tó sìn wá. Ó jẹ́ títa ẹran aláìsàn fún àwọn tí wọn kò mọ̀. Ànábì sì ti kọ̀ fún wa láti jẹ owó ajá.

NÍ ÌPARÍ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ní ajá olùṣọ́ nínú yín, kí ó má jẹ́ kí ó máa rìn kiri ìgboro, nítorí ibẹ̀ ni TVT ti ń ràn. Kí ó yọ eégbọn ara rẹ̀. Kí ó máa fọwọ́ wá ara rẹ̀ wò lóṣooṣù, ọmú, ẹnu àti abẹ́ rẹ̀. Kókó tí a bá rí nígbà tó kéré rọrùn ju èyí tó ti bẹ́ lọ. Àwọn dókítà ẹran wà. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta wà lára ibi tí a ti ń kọ́ wọn. Kí ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ jí nínú yín ronú kíkọ́ iṣẹ́ náà, nítorí ẹ̀san rẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Abẹ́rẹ́ 5 ni wọ́n gún Bíngò. Inú oṣù Ràmàdánì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ń gbé e lọ pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ dá. Nígbà tí a fi kírun ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà. Ó tún lò tó ọdún kan àbọ̀. Ní ìparí ọdún 2023, wọ́n bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan níbi tó ti kú sójú oorun lẹ́nu géètì, tó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, bí Àlùkùránì ti ṣàpèjúwe ajá àwọn ará inú ihò nínú Sùúrà Al-Kahf. Ọmọ náà gbẹ́ ilẹ̀, ó sì sin ín.

A tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ ọmọ náà lójú àwọn tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, nítorí ìdáhùn tí a kọ́kọ́ fún un. A sì ń tọrọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Kí Ó má fi wá sí ipò ẹni tó mọ hádíìsì lórí tí kò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Kí Ó fún wa ní ẹni tí yóò tọ́jú wa nígbà tí agbára bá tán lára wa. Àmín.

Wa bil-Lahi tawfiq.